Oòrùn àti Òṣùpá Lára Àpò Oògùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tíṣà ni mí ní Òde-Ayé, mo sì mọ àwòrán yà, kì í ṣe pé mo ń yin ara mi. Nígbà tí apoògùn dìsípẹ́ńsárì ìlú wa ń ráhùn pé àwọn tí kò mọ̀wé ń ṣi oògùn lò, mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo fi abẹ gbẹ́ oòrùn sí àtẹ́lẹ̀ ògbólógbòó sílípáàsì kan, mo gbẹ́ òṣùpá sí ìkejì. A ń tẹ̀ wọ́n bọ tàdáwà, a sì ń fi wọ́n lu àpò pépà tí apoògùn ń bu oògùn sí: oòrùn fún àárọ̀, òṣùpá fún alẹ́. Mo fọ́nnu títí.

Lóṣù yẹn náà ni ibà mú ìyá mi, nígbà tí òjò kò jẹ́ ká rójú ọ̀run. Mo gba oògùn ọjọ́ mẹ́ta fún un, mo ní kó máa wo àwòrán ara àpò lò ó, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo máa fi yà wò ó lọ́jọ́ kẹrin, kò lè dìde lórí ẹní, ara rẹ̀ gbóná janjan. Hóró oògùn kan ṣoṣo ló ti kúrò nínú àpò.

Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá ń bínú. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Ó ní, "Oòrùn yọ lẹ́ẹ̀kan, mo lò ó. Òṣùpá kò yọ rárá. Mo rò pé èèwọ̀ oògùn náà ni pé a kì í lò ó tí wọn kò bá yọ."

Ẹni tó mọ ewé tí a kì í já tí oòrùn bá ti yọ, kí ló tún fẹ́ rò? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, èmi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Mo gbé e lọ bá apoògùn, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì tún bu oògùn mìíràn fún un.

Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, mo bi í pé kí ni kí n yà.

"Fi ojú ọ̀run sílẹ̀, ọmọ mi. Ohun tí mò ń ṣe láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ni kí o yà fún mi."

Mo gbẹ́ ìgbálẹ̀ fún àárọ̀, mo gbẹ́ fìtílà fún alẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣẹ́ hóró kan kù.

Lẹ́yìn ìgbà náà, mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ní ilé ìtẹ̀wé, àwọn ọ̀gá mi níbẹ̀ sì kọ́ mi ní púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni ọ̀gá mi àkọ́kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àwòrán mi pa á kó tó ráyè kọ́ mi.