Ológbò Inú Tẹlifíṣọ̀n Máa Ń Dìde

Lánàá ni mo gbọ́ ìró náà láti inú yàrá mi: gbì! bí ìgbà tí wọ́n fi páànù gbá ẹnìkan lórí, lẹ́yìn náà orin kan tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì ló dorí kodò sórí fóònù nínú pálọ̀, wọ́n ń wo ológbò tó ń lé èkúté, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Mo ní kí wọ́n pa á. Wọ́n rò pé mò ń ṣeré. Mo já fóònù náà gbà, mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì gbé àga mi ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èyí kékeré wò mí bí ẹni ń wo olè, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn rẹ́rìn-ín." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé irọ́ ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín. Ológbò yẹn ni mi ò fẹ́ràn, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìpọ̀nrí ní ìlú Èkó là ń gbé nígbà náà, lásìkò tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn bàbá wa ṣì máa ń wo apá ibi tí kò yẹ kí wọ́n tó sọdá ní oríta Costain. Yàrá mẹ́jọ ló kọjú síra wọn nínú ilé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí à ń pè ní pásééjì sì là wọ́n láàárín. Símẹ́ńtì pupa ni ilẹ̀ rẹ̀, ó ń dán débi pé a máa ń rí yẹ̀rì àwọn ìyá wa nínú rẹ̀. Pálọ̀ Ìyá Onílé ló wà ní ìparí pásééjì náà, inú pálọ̀ yẹn sì ni tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo tí a mọ̀ wà, nínú àpótí onígi tó ní ilẹ̀kùn méjì àti kọ́kọ́rọ́.

Ẹ má bínú, mi ò ní pe Ìyá Onílé ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú ayé rẹ̀, ó tó. Obìnrin yẹn kórìíra àwa ọmọ ayálégbé, àwa náà sì kórìíra rẹ̀ dọ́ba. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, tí fíìmù ológbò àti èkúté bá ti bẹ̀rẹ̀, á ṣí fèrèsé rẹ̀ tó kọjú sí pásééjì sílẹ̀ gbayawu kí ìró rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa. A ó sáré lọ fi imú lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Á dúró títí èkúté á fi gbé òòlù sókè, á wá fa kọ́tìnì. "Ẹ lọ wo ògiri ilé baba yín!"

Síbẹ̀, ìwọ̀nba tí a rí tó wa. Wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù gbá ológbò yẹn lójú, ojú rẹ̀ á sì rí bí áyọ́ọ̀nù. Bọ́m̀bù á bú lẹ́nu rẹ̀, eyín rẹ̀ á já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a tó ṣẹ́jú, á ti dìde, ara rẹ̀ á pé pérépéré, á tún máa lé èkúté lọ. Àwa náà gbìyànjú rẹ̀. Ọmọ Bàbá Télọ̀ fi ọmọ odó gbá àbúrò rẹ̀ lórí ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà ké títí di ọjọ́ kejì, a sì ní kò mọ eré ṣe.

Sàkírá lọ̀rẹ́ mi. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń ra ẹja yíyan wá láti Mákòko tà ní ọjà Ìpọ̀nrí, èéfín ẹja sì wà nínú gbogbo aṣọ wọn. Bí Sàkírá bá ń rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí eyín rẹ̀ kan tó ti yọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwa méjèèjì. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí a kò jọ jẹun.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá Onílé kò fa kọ́tìnì. Omi tó fi fọ ata ló dà láti ojú fèrèsé, ó sì bà mí lójú. Ojú mi ta mí títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì pinnu pé n ó ṣe obìnrin yìí bí èkúté ṣe ń ṣe ológbò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan tí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fúláàtì kò mọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní Sátidé tirẹ̀ láti fọ pásééjì. Bí eruku bá wà nílẹ̀, bí omi bá dúró, a kì í béèrè ta ló ṣe é. "Sátidé ta ni?" là ń béèrè, ọ̀rọ̀ bùṣe. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ti Ìyá Sàkírá ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sàkírá rí ọṣẹ ìfọṣọ lọ́wọ́ mi, ó sì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

"Má ṣe é, jọ̀ọ́. Sátidé màmá mi ni."

Mo pòṣé. Mo ní ó kàn máa ṣubú ni, á sì dìde. Ṣé ológbò kì í dìde ni?

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo fi ọṣẹ pamọ́ sẹ́yìn, mo ń wo Ìyá Sàkírá bí wọ́n ti ń fọ ilẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá omi ọṣẹ jáde, wọ́n da garawa omi kan sí i, wọ́n da ìkejì, wọ́n da ìkẹta, wọ́n wá fi àkísà nù ún gbẹ. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo rẹ ọṣẹ sínú omi, mo fi pa iwájú ilẹ̀kùn Ìyá Onílé, ó fẹ̀ tó ẹní kan. Mo wá gbá fèrèsé rẹ̀ gbàgbàgbà, mo sì sá sẹ́yìn.

Ó gbé ìgbálẹ̀ jáde, èébú ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàtà rẹ̀ kan fò sókè, ó lu gílóòbù iná lókè. Gẹ́lẹ́ bí inú fíìmù ni! Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo ń retí kó dìde, kó máa lé mi. Kò dìde. Ó ń kérora wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Kí wọ́n tó gbé e sínú takisí lọ sí ọsibítù, ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Sátidé ta ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Onílé, ọkọ rẹ̀, pe gbogbo ilé jọ. Ìyá Sàkírá wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mo ṣan án, ẹ̀yin èèyàn mi. Garawa mẹ́ta ni mo fi ṣan án." Ìyá tèmi gan-an ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bẹ̀ wọ́n. Bóyá ẹ gbàgbé ni." Sàkírá dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ojú mi ló ń wò. Mo ń wo símẹ́ńtì. Bí mo bá là á pé èmi ni, bàbá mi á bó mi láwọ. Mo pa ẹnu mọ́, Sàkírá náà kò sì tú mi fó. Bàbá Onílé ní kí Ìyá Sàkírá àti ọmọ rẹ̀ kó jáde kí oṣù tó parí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n di ẹrù sórí ọmọlanke, Sàkírá wá bá mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí. Ì bá dára bí ó bá gbá mi. Ohun tó sọ ni pé, "Màmá mi ṣan án. Ìwọ náà rí wọn." Ó wá tẹ̀ lé ẹrù wọn lọ. Mi ò rí i mọ́ títí di òní.

Ọ̀pá ni Ìyá Onílé fi rìn títí ó fi kú. Ẹ sì wò ó, nígbà tí kò lè lé wa mọ́, ó ní kí a máa wọlé wá bá òun wo tẹlifíṣọ̀n. Orí ẹní rẹ̀ la jókòó sí. Tí wọ́n bá lu ológbò, òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rín.

Wọ́n ti wó ilé náà, wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Ọmọdé kò lẹ imú mọ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè Sátidé ta ni. Àmọ́ ológbò yẹn ṣì ń ṣubú, ó ṣì ń dìde. Lẹ́ẹ̀kan, níbi òkú ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ gbé ilé, ẹnìkan ní, "Ẹ rántí Ìyá Sàkírá, ọ̀bùn yẹn tí kì í ṣan ilẹ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àgbà ni mí lọ́jọ́ náà o, bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó lè nà mí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo ti dá fóònù àwọn ọmọ náà padà fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Ìpọ̀nrí nígbà yẹn, tí ẹ ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ náà kiri, ẹ gbọ́: èmi ni mo fi ọṣẹ pa ilẹ̀. Ìyá Sàkírá ṣan án. Garawa mẹ́ta ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo ń kà á.