Ohùn Sọ́míìlì Níwájú Ọ̀gá Sójà

Kí n má parọ́, kò sí ẹni tó lóhùn tó mi ní Ẹdẹ nígbà yẹn. Bí mo bá pe èèyàn láti sọ́míìlì wa, ará abúlé Àlájùé lọ́ọ̀ọ́kán lè jẹ́ "hẹ́ẹ̀n." Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó kàwé jù mí lọ ló máa ń ní kí n bá àwọn sọ̀rọ̀ láwùjọ.

Ayé ìjọba sójà ni, epo dísù ti di ọ̀wọ́n gógó. Ẹ́ńjìnnì tí a fi ń lagi dákẹ́, gẹdú wà nílẹ̀ ó ń mu òjò. A wá gbọ́ pé ọ̀gá sójà tó ń pín dísù ń bọ̀ wá sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú agbẹnusọ wá. Èmi ni wọ́n mú. Ta ni wọn ì bá tún mú?

Alága wa, bàbá àgbàlagbà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ yìí, rọra sọ̀rọ̀ o. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Sójà kì í gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́."

Ẹ sì wò ó, ní sọ́míìlì, bí ayùn bá ti ń ké, ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Igbe la fi ń kí ara wa. Igbe náà la fi ń bẹ oníbàárà.

Ọ̀gá sójà yìí kò gbọ́ Yorùbá, akọ̀wé kan ló ń túmọ̀. Mo dìde, mo lọgun: "Ẹ ṣàánú wa, sà! Àwọn ọmọ wa ò rí jẹ!" Ẹ̀bẹ̀ pọ́ńbélé! Ẹyẹ fò lórí igi máńgòrò. Sójà tó dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ gbé ìbọn rẹ̀ sókè díẹ̀.

Akọ̀wé yára fi òyìnbó ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ọ̀gá fèsì, ojú ti akọ̀wé láti túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní ṣé báyìí lẹ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nílùú yín? Wọ́n ní ẹni tó lágbára tó yìí, kó máa fọwọ́ lagi. Ẹgbẹ́ tó kàn!"

Ìyá kan tó ń lọ ata ló kàn. Ẹ̀rọ tiwọn náà ń pariwo o! Ìyá kúnlẹ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé ṣe ni ọ̀gá sójà nàgà sí wọn, bẹ́ẹ̀ kò sì gbọ́ èdè. Ohun tí mo sọ náà ni ìyá sọ, kò lé, kò dín. Ọ̀gá sójà fún wọn ní dísù. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Nígbà tó yá, ayùn ọlọ́wọ́ la padà sí, èmi àti ẹnìkan ní sọ́míìlì wa tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ. Apá ń ro wá, gẹdú ò là.

Ó dúró, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jágbe mọ́ ọn, bóyá á là."

Mo fẹ́ fún un lésì tó tọ́ sí i. Èémí ò jẹ́.