Orí Rujẹro

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Jumagali. Onígbàjámọ̀ ni, ní Baikonur, ìlú tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń gbéra lọ sókè.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi reluwé wọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, àwọn tó máa gùn ún lọ sí ilé tó ń yí ayé po lókè kò gbọdọ̀ wò ó. Èèwọ̀ ni. Iwájú Jumagali ni wọ́n máa ń jókòó sí, kó gé irun wọn. Ó ti gé ti èèyàn tó lé ní àádọ́rin. Gbogbo wọn ló lọ, gbogbo wọn ló bọ̀. Kò sọ pé abẹ òun ló dá wọn padà. Àmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹnì kan lọ láìgé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó ti gé ti obìnrin ará Rọ́ṣíà, ó ti gé ti ọkùnrin ará Japan. Ó kan Rujẹro, ará Ítálì. Ó jókòó, ó ṣí fìlà. Orí ń dán bí ìdí àwo.

"Ta ló fá a?"

"Èmi ni, Baba. Láàárọ̀ yìí. Mi ò fẹ́ dà yín láàmú ni."

"O ò fẹ́ dà mí láàmú! Kí ni kí n wá gé báyìí? Etí rẹ?"

Ará Japan rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìgérun tó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ fi bọ́.

Jumagali ṣí abẹ, ó fẹ́ fi kọjá lórí náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Rimma, dókítà tó ń tọ́jú wọn, fò dìde.

"Baba, ẹ gbé e sílẹ̀! Tí ẹ̀jẹ̀ bín-ín-tín bá yọ, ẹlòmíì ló máa lọ dípò ẹ̀."

"Ṣé o ti rí i rí tí mo gé ẹnikẹ́ni lára?"

"Mi ò tíì rí i. Mi ò sì fẹ́ rí i lónìí."

Rujẹro ní, "Ẹ kàn ṣán sísọ́ọ̀sì nínú afẹ́fẹ́, Baba. Ó ti tó."

"Afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń rìnrìn àjò."

Ó fi awò sójú. Ó ń yí orí náà bí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀gúsí bàrà. Iwájú, kò sí. Ẹ̀yìn, kò sí. Ó wo inú etí òsì. Irun mẹ́ta wà níbẹ̀, ó gùn bí irùngbọ̀n ewúrẹ́.

"Rimma, sísọ́ọ̀sì nìkan ni o. Wá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi."

Rimma tàn án. Rujẹro ń yí ara.

"Baba, ó ń yún mi!"

"Ìwọ tó fẹ́ jókòó sórí iná, yíyún ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Má mira."

Ó gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀jẹ̀ ò yọ. Rimma wò ó, ó tún wò ó, ó ní ó dáa.

Ní Wẹ́sìdeè, wọ́n gbéra. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà, Jumagali rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún wọn lókè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, wọ́n ń dì mọ́ àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀.

"Wọ́n ti débẹ̀," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Gbé oúnjẹ wá."

Ẹ̀dọ̀ àgùntàn tí wọ́n fi àlùbọ́sà dín ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú búrẹ́dì, àti tíì oníwàrà abọ́ mẹ́ta.