Bàbá Mi Kò Jẹ́ Kó Sunkún ní Yorùbá

Ní Èjìgbò, kò sẹ́ni tó ń ka Àbíjàn sí ọ̀nà jíjìn. Àbíjàn la ń pe gbogbo ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ì báà ṣe ìlú ńlá, ì báà ṣe abúlé inú igbó. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ wa rán àbúrò mi ọkùnrin lọ ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní abúlé kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá wa dárò. Alhaja tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó rí i pé ojú mi wú.

"Àbíjàn yìí náà lo ń sunkún sí? Ibi tí ọkọ mi ń lọ bí ẹni tó fẹ́ yà kí èèyàn l'Ola ẹ̀gbẹ́ wa níbí? Ẹni tó lọ sí Àbíjàn ò tíì kúrò nílé."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi kò balẹ̀.

Kí n ṣàlàyé ara mi. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti sin ìjọba tán, mo wà nílé, mò ń wá iṣẹ́. Ẹni tó bá wà nílé tí kò rí nǹkan gbájú mọ́ máa ń ráyè bẹ̀rù nítorí gbogbo èèyàn. Bí fóònù bá dún, ọkàn mi á ti sáré dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi kí n tó wo ẹni tó ń pè. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù mi tóbi ju ohun tó ń bà mí lẹ́rù lọ. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò dín in kù.

Kì í ṣe ìlú ńlá tí àwọn ará Èjìgbò pọ̀ sí ni wọ́n gbé àbúrò mi sí. Kò sí ọmọ Yorùbá kankan ní abúlé náà. Ìyá àgbàlagbà kan ló fún un ní yàrá. Faransé tó kọ́ kí ó tó lọ kò ju èyí tó lè fi kí èèyàn. Bó bá ti pè wá, á kọ́kọ́ béèrè ohun tí a jẹ, ohùn rẹ̀ á sì yí padà. Ìyá mi á ní kó má sunkún mọ́, òun fúnra rẹ̀ á wá bú sẹ́kún. Èmi á gba fóònù, ẹkún ni èmi náà á fi dá a lóhùn. Bí a ṣe ń tù ú nínú nìyẹn.

Ìyá mi wá ronú kan ohun tí ìyá èyíkéyìí ní Èjìgbò máa ronú kàn. Ó pe àbúrò rẹ̀ tó ń ṣòwò ní ìlú Àbíjàn gan-an, ó ní kó lọ mú ọmọ náà wá sílé rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n gún iyán fún un, wọ́n bá a sọ Yorùbá títí oorun fi gbé e lọ. Mo rò pé ìtura ti dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sí abúlé, ọ̀rọ̀ náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù pé òun ti bá dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Èjìgbò kan sọ̀rọ̀, pé yóò fi àyè kan sílẹ̀ fún òun nígbà tó bá ń bọ̀ ní ìparí oṣù.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọ̀nà ilé ti rọrùn jù fún un. Bó bá wọ ọkọ̀ yẹn, gáréèjì wa níbí ló máa já a sí. Iṣẹ́ yìí ló ti fẹ́ ṣe láti kékeré. Bó bá sá padà lọ́dún àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé kò ní lè wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ìjọ, yóò kàn jókòó sílé bíi tèmi. Síbẹ̀, mo fẹ́ kó dé. Mo ń fẹ́ ẹ, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Télọ̀ ni bàbá mi. Àbíjàn ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì ti padà wálé kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí àbúrò mi tún pè, ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyá mi, ó sì kí i ní Faransé. Àbúrò mi dáhùn ní Yorùbá. Bàbá mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó tún Faransé sọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, ó ń wá ọ̀rọ̀ kiri, nígbà tó yá ó pòfo, ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti pa fóònù.

Inú bí ìyá mi. "Ọmọ ń ṣàárò ilé, èdè àjèjì lẹ wá ń sọ sí i?"

Bàbá mi ní, "Ní Yorùbá, kò sí ohun tó kù tó lè sọ ju ẹkún lọ. Ní Faransé, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún."

Ó wá sọ fún wa nípa ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Àbíjàn, ọmọ Èjìgbò bíi tirẹ̀, tí kì í jẹ́ kó sọ Yorùbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kórìíra ọkùnrin náà, títí di ọjọ́ tó ń bá oníbàárà kan jiyàn ní Faransé lórí apá ẹ̀wù, tó wá rántí pé òun kò tíì ronú ilé láti àárọ̀.

Láti ìgbà náà, Faransé ni wọ́n ń sọ. Èmi àti ìyá mi á jókòó bí àlejò nínú ilé ara wa, a ó máa wo ojú bàbá mi. N ò lè fi etí ara mi gbọ́ bóyá ara àbúrò mi le, ìyẹn sì tún dá kún ẹ̀rù mi. Tí wọ́n bá parí, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi í: ṣé ó dárúkọ ọkọ̀? Nígbà míì á ní kò dárúkọ rẹ̀. Nígbà míì á kàn gbé fóònù fún ìyá mi, á sì wọ yàrá lọ.

Nígbà tí oṣù ń parí lọ, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń lọ aṣọ, àbúrò mi pè. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Bàbá mi gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. Kò tún Faransé rẹ̀ ṣe bó ṣe máa ń tún un ṣe, ó kàn ń gbọ́. Alhaja, tó gbọ́ Faransé dáadáa, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ti gbà pé ó ti parí. Mo ti ń rò ó nínú ara mi ibi tí a ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

Nígbà tí bàbá mi pa fóònù, mo ní, "Ṣé ó ń bọ̀?"

Ó fi etí aṣọ tó ń rán nu ojú. "Ìyá tó gbà á sílé ni ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kó má lọ kú."

"Ọkọ̀ ńkọ́, bàbá?"

"Mo bi í. Ó ní bí òun bá wá sílé, ta ló máa pọnmi fún ìyá?"

Alhaja mi orí. "Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé Àbíjàn," ló sọ, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà dé, mo lọ sí gáréèjì, mo dúró títí gbogbo èrò fi sọ̀kalẹ̀, mo sì tún dúró díẹ̀ sí i. Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń gbàdúrà fún obìnrin tí kò rí rí. Mo jókòó ti bàbá mi, mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà aláìsàn ní Faransé.