Epo Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀

Iṣẹ́ fíríìjì ni mo ń ṣe ní Poudrière, àdúgbò kan ní Niamey, alùpùpù sì ni mo fi ń tọ àwọn oníbàárà mi lọ. Alùpùpù náà ti pẹ́. Ọwọ́ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ti rà á, òun náà sì ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tà á fún mi. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Niamey mọ́. Àwọn kan a máa dá mi dúró kí wọ́n lè wò ó dáadáa. Èmi ò kà á sí ohun ẹ̀yẹ. Ó ń gbé mi, mo sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni mo kọ́kọ́ fura. Èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, a sì dé ibi tí títì ti ń gòkè láti etí odò wá sí àárín ìlú. Mo fún un níná. Ẹ́ńjìnnì pariwo, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò yára ju bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi kún un. Ariwo pọ̀ sí i, ìrìn kò pọ̀ sí i.

"Ṣé kò fẹ́ gbé wa mọ́ ni?" ìyàwó mi bi mí láti ẹ̀yìn.

"Kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀."

"Kí ló dé tó ń yọ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di gèlè rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn, ó sì fẹsẹ̀ rìn gòkè. Mo lọ dúró dè é níwájú.

Nígbà tí a délé, mo yẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì wò. Bí wáyà yẹn bá le jù, àwọn pílẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ra dáadáa, agbára ẹ́ńjìnnì kì í sì í dé ara táyà. Mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ṣì ń yọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sí Kalley, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà, sọ́dọ̀ bàbá Haúsá kan tó ti ń bá mi tún un ṣe láti ìgbà tí mo ti rà á. Abẹ́ igi dóńgóyárò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, ló ti ń ṣiṣẹ́. Haúsá la jọ máa ń sọ.

Ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Ó tú epo ẹ́ńjìnnì sínú abọ́, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yọ àwọn pílẹ́ẹ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sójú oòrùn wò.

"Àwọn wọ̀nyí kò tíì jẹ," ó ní. "Sípíríǹgì wọn ṣì le. Epo rẹ náà mọ́. Kí lo ṣe sí i?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan sí i, Baba."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ epo rẹ̀ nílé. Oníbàárà kan ló fún mi ní gálọ́ọ̀nù epo tó ṣẹ́ kù sílé rẹ̀. Mo rántí dáadáa. Mo kàn rò pé epo ni epo, mo sì rò pé inú bàbá náà kò ní dùn bó bá gbọ́ pé mo ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí kò rí àléébù kankan, ó ní kí á kúkú pààrọ̀ àwọn pílẹ́ẹ̀tì náà. Ọjọ́ méjì ló fi wá irú wọn kiri inú ọjà ńlá Grand Marché kó tó rí wọn. Ó tò wọ́n wọlé, ó sì da epo inú abọ́ padà, nítorí ó mọ́, kò sì fẹ́ fi ṣòfò.

Alùpùpù náà ṣe dáadáa fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, tèmi ti kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fíríìjì oníbàárà tí mo dè sẹ́yìn.

Inú bí mi. Mo padà sí Kalley, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Lójú wọn ni mo ti sọ fún bàbá náà pé ayédèrú ni pílẹ́ẹ̀tì tó fi sí i, pé bí ojú rẹ̀ kò bá ríran mọ́, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ríran.

Ó fa alùpùpù náà mọ́ra. Ó tún un ṣí. Nígbà tí epo dà sínú abọ́, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó ra á láàárín ìka méjì, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Bàyárábè," ìyẹn ọmọ Yorùbá ní Haúsá, bó ti máa ń pè mí nìyẹn, "èyí kì í ṣe irú epo tí mo máa ń rọ sí i. Gálọ́ọ̀nù rẹ̀ dà?"

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ó wọ takisí, ó sì gbé gálọ́ọ̀nù náà wá. Àwòrán ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló wà lára rẹ̀. Bàbá náà kò mọ Faransé kà, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á: epo fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n fi èròjà kún kó lè máa yọ̀ dáadáa, kí ọkọ̀ má baà jẹ pẹtiróòlù púpọ̀.

"Tún ibi tó ti ń yọ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà. Àwọn tó ń mu tíì ń gbọ́.

"Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í gbé inú epo," ó ní. "Inú epo ni tìrẹ ń gbé. O fi ohun tó ń yọ̀ kùn ún, o wá ń bi mí pé kí ló dé tó ń yọ̀."

Ìyàwó mi, tí òun náà gbọ́ Haúsá, kọjú sí mi, ó sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ẹ ò sọ fún wọn pé ẹ ti pààrọ̀ epo?"

"Mi ò sọ."

Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, àwọn èèyàn a máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín nínú fíríìjì, ọ̀bẹ á lu páìpù, gáàsì á jò tán. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn kò fọwọ́ kàn án. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irú wọn ṣẹ̀fẹ̀ nílé.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo ní kó má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ó ní ó ti kọjá, ó sì ní kí n lọ ra pẹtiróòlù wá. Ó fi fọ àwọn pílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti tọ́jú pamọ́, ó sá wọn, ó sì dá wọn padà sí àyè wọn. Ó rọ epo tó yẹ sí i, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ó tú u dànù, ó tún rọ òmíràn. Ó fi bébà wé àwọn pílẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ní kí n tọ́jú wọn di ọjọ́ mìíràn. Láti ọjọ́ náà kò yọ̀ mọ́.

Bàbá náà ṣì ń kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀, mi ò sì lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú rẹ̀. Ohun kan ló yí padà. Bí mo bá gbé alùpùpù lọ bá a, ì báà jẹ́ búrẹ́kì tàbí iná, kì í bi mí ní ohun tí mo ṣe sí i mọ́. Á ní kí n pe ìyàwó mi lórí fóònù, kí n sì gbé fóònù náà fún òun kí òun lè bi í.