Ṣífìlà Méjì, Okùn Kan

Nígbà tí mo kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kò tíì kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sórí àga ìránṣọ bàbá mi, ọkọ̀ tí aṣọ jẹ́ òrùlé rẹ̀ kò ju méjì lọ ní Adó-Èkìtì, ó kéré tán, méjì ni èmi rí. Ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n, ènìyàn méjì péré ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì sún mọ́ ilẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó ni wọ́n lè ká aṣọ orí wọn sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i. Àwa ọmọ Òkè-Ìlá sọ wọ́n ní Ṣífìlà, nítorí a ní ọkọ̀ tó bá mọ̀wà hù gbọ́dọ̀ ṣí fìlà kí àgbà.

Lọ́yà kan ló ni pupa, dókítà kan ló ni èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, orúkọ kan náà ló wà nídìí wọn. Ẹni tó bá wò wọ́n láti òkèèrè yóò ní ìbejì ni wọ́n. Irọ́ ni. Ti lọ́yà jẹ́ ti ọdún 1966, ti dókítà jẹ́ ti 1975. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ti lọ́yà wà, nítorí wọ́n ti gbé e dé kí ìjọba tó ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún títì. Ọwọ́ òsì ni ti dókítà wà. Irin dídán ni bọ́ńpà ti lọ́yà, o lè rí eyín rẹ nínú rẹ̀. Rọ́bà dúdú tó ki pọ̀pọ̀ ni ti dókítà, ọkọ̀ náà sì ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ díẹ̀. Bọ́tìnnì alátẹ̀ ni wọ́n fi ń so aṣọ orí ti lọ́yà, síìpù wà lẹ́yìn ti dókítà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí bí ọmọdé ṣe ń fi ohun tí kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ jà. A pín sí méjì. Bí a bá ń ta òkòtó tàbí tí a ń fo sùwẹ̀, ìjà Ṣífìlà ni yóò tú wa ká.

"Tiyín jẹ rọ́bà, kò rí i gbé mì!"

"Tiyín ńkọ́, arúgbó tó lọ ra eyín onírin!"

Èmi kò wà lẹ́yìn ẹnì kankan. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an. Nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá wá sí ìsọ̀ bàbá mi ní Fájuyì, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ mi wọ̀n ọ́n láti orí gíláàsì iwájú dé ẹ̀yìn ìjókòó. Ti lọ́yà jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mẹ́sàn-án. Ti dókítà jẹ́ mẹ́wàá àti ìka mẹ́ta. Mo jẹ pàṣán méjì nítorí pé mo fọwọ́ kan ọkọ̀ olówó, ṣùgbọ́n iye náà kò kúrò lórí mi.

Ìjókòó mọ́tò àti tapólì ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi ń rán. Ìsọ̀ rẹ̀ máa ń rùn fún gọ́ọ̀mù àti awọ tuntun. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mo ń fi àbẹ́là pa òwú kó lè le, èmi ni mo sì ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, kí ó má baà gún ẹnì kankan lẹ́sẹ̀. Bàbá mi kò mọ̀wé, kò sì lo téèpù rí. Okùn ló fi ń wọn iṣẹ́. Yóò na okùn sí ara ọkọ̀, yóò ta kókó síbi tó bá parí, yóò sì so ó kọ́ sára ìṣó. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀ lára ògiri, kò sì ṣi ọ̀kan mú rí.

Òjò ọdún kan ti sún mọ́lé nígbà tí aṣọ orí ọkọ̀ dókítà ya. Òun fúnra rẹ̀ gbé aṣọ tuntun dé láti ìlú òyìnbó, ègé kan ṣoṣo, aṣọ dúdú tó nípọn tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Ó jù ú sílẹ̀ fún bàbá mi láìsọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. "Bàbá, bí ẹ ṣe ṣe ti lọ́yà ni kí ẹ ṣe é o. Kò sí òmíràn." Ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn rẹ̀.

Bàbá mi tẹ́ aṣọ náà sórí ẹní, ó mú okùn ti lọ́yà lára ìṣó, nítorí kò tíì rán aṣọ orí fún ti dókítà rí, ó fi ẹfun fa ìlà, ó gbé àlùmọ́gàjí. Tí wọ́n bá gé aṣọ yẹn ní kíkúrú, kò sí ibi tí a ó ti rí ìyókù, gbogbo ìlú yóò sì gbọ́ pé bàbá mi ba aṣọ dókítà jẹ́.

Mo ní, "Bàbá, okùn yẹn kò tó. Ti dókítà gùn jù ú lọ."

Bàbá Fẹ́mi, panẹẹbítà ìsọ̀ kejì, tó ń jẹ àgbàdo sísun lórí búlọ́ọ̀kù, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, injiníà dé! Ẹ gbé àga fún injiníà!"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìyá kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì."

"Ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti Tóyìn, Bàbá. Aṣọ Tóyìn kò wọ̀ mí."

Mi ò mọ̀ pé ó máa dùn tó bẹ́ẹ̀ létí. Bàbá Fẹ́mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú bàbá mi yí padà; ọmọ ti dá a lóhùn lójú ọ̀rẹ́. "Ọmọ tí mo bí kò ní kọ́ mi ní uṣẹ́. Kúnlẹ̀! Gbé ọwọ́ sókè! O ò gbọdọ̀ dìde àfi tí o bá sọ pé o ṣìṣe."

Mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí mo máa kúnlẹ̀ sí. Orí aṣọ dókítà ni mo lọ kúnlẹ̀ sí, orí ìlà ẹfun gan-an, níbi tí àlùmọ́gàjí yóò gbà.

"Kúrò níbẹ̀."

"Ẹ ní n kò gbọdọ̀ dìde, Bàbá."

"Sọ pé o ṣìṣe, kí o dìde!"

"N kò ṣìṣe, sà."

Oòrùn mú. Apá mi wúwo bí odó. Omijé ń dà lójú mi, ẹ má rò pé mo gbóyà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bàbá Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé, "Ọmọ dáadáa, sọ ọ́, ẹnu lásán ni." N kò sọ ọ́. Níkẹyìn, bàbá mi mú okùn náà nílẹ̀. "Jẹ́ kí n lọ wọ̀n ọ́n lára ọkọ̀, kí ojú tì ọ́ dáadáa." Ó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ.

Nígbà tó padà, kókó tuntun ti wà lára okùn náà, ó ré kọjá ti àkọ́kọ́ tó ìbú ọwọ́ kan. Bàbá Fẹ́mi bi í pé, "Ṣé ó tó?" Bàbá mi ní, "Ẹ jẹ àgbàdo yín." Ó fi àkísà nu ìlà ẹfun tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. "Dìde. Lọ jẹ iyán rẹ ní ulé." Títí tó fi kú, kò sọ fún mi pé mo tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Ṣífìlà dókítà gba òjò ọdún náà, omi kò kán sí i nínú.

Nígbà tiwa, orúnkún la fi ń jìyà òótọ́. Lóde òní, bírò ni wọ́n ń nà sí ọmọ. Àbígbẹ̀yìn mi, tí mo ń pè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti jẹun, ló pè mí lọ́jọ́ kan láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà mẹ́rin. Òun ni wọ́n ní kí ó ka irin inú òpó. Irin mẹ́jọ ló wà nínú àwòrán, mẹ́fà ló rí. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó fọwọ́ sí i pé mẹ́jọ ni, kí ó sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nítorí pé ó dá òun lóhùn níwájú àwọn bíríkìlà.

Mo mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ́n tó. Mo la ẹnu láti sọ pé kí ó bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Màámi."

"Má fọwọ́ sí i. Máa bọ̀ nílé."

Ó pé oṣù mẹ́ta báyìí tó ti wà lọ́dọ̀ mi láìníṣẹ́. N kì í sùn dáadáa. Àwọn ẹbí ń sọ pé èmi ni mo ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́, pé ẹni tó ń bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀ bíi tèmi ìbá kọ́ ọ ní ìtẹríba. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mẹ́fà kì í ṣe mẹ́jọ.