Àlejò Tí Mo Fẹ́ Ṣe Ẹ̀gbọ́n Fún

Òórùn ọ̀dà tútù ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti kun gbogbo ògiri ilé-ìwé wa nísàlẹ̀ òkè Mápó, títí kan òkúta tó wà lẹ́nu géètì, àwa ọmọ sì ti fọwọ́ kàn án kí ẹnikẹ́ni tó ní ká má fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìlú wa àti ìlú kan létí òkun ní Làìbéríà, tí ogun ti bà jẹ́, ti di tẹ̀gbọ́n tàbúrò. A ó máa fi ìwé àti aṣọ ránṣẹ́ sí wọn, àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn díẹ̀ yóò sì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, "tẹ̀gbọ́n tàbúrò" nìkan ni mo gbọ́. Èmi ni àbígbẹ̀yìn agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Kò sí ẹni tí mo lè rán níṣẹ́ àfi ewúrẹ́, ewúrẹ́ kì í sì í jẹ́ iṣẹ́. "Múínà, pọnmi wá! Múínà, sáré lọ ra karosíìnì l'Ọ́jà'ba! Múínà, wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn!" Inú abọ́ kan náà ni àwa ọmọ ti ń jẹun, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà sì mọ òfin rẹ̀: ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, àbúrò ló ń fọ abọ́. Kó tó kàn mí, eegun ló ń kù. Tí mo bá sunkún, ìyá mi á ní, "Fara balẹ̀, ìwọ náà á ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnìkan."

Ẹ ò rí i pé eré ni mo sá délé lọ́jọ́ náà! Àbúrò mi ti ń bọ̀.

Bàbá mi ní òun kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ìlú tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú méjèèjì. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá àgbà, ló dájọ́ rẹ̀. "Ta ló ṣì ní òrùlé lórí? Òun ni ẹ̀gbọ́n." Nígbà tó gbọ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Agodi ni wọ́n fẹ́ kó àwọn àlejò sí, ó so gèlè, ó gba ilé-ìwé wa lọ. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ní í gbé àbúrò rẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì? Ṣé kì í ṣe Ìbàdàn la wà mọ́ ni? Ẹ fún wa lọ́mọ kan." Bí wọ́n ṣe fún wa lọ́mọ kan nìyẹn, tí àwọn agboolé yòókù náà fi ń béèrè tiwọn.

Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọ ọ̀fun mi. Mo ń lọ sẹ́yìn ilé lọ dánra wò pẹ̀lú ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n mi: "Wá! Gbé e wá! Kí lo ń ṣe látàárọ̀?" Ìyá mi gbọ́ mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní kí n má gbàgbé pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò gbé igbá rẹ̀ délé. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, n ò gbọ́.

Háwà ni wọ́n fún wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ga jù mí lọ, ó sì di àpò kékeré kan mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ìwé ìbí rẹ̀ ti jóná mọ́lé. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mo sọ lọ́kàn mi, kò sẹ́ni tó máa bá mi jiyàn. Nígbà tí Ìyá àgbà kí i ní "Asalaamu alaekun," tí ọmọ náà dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo agboolé pariwo, àwọn obìnrin sì ń fà á mọ́ra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n bu ìrẹsì fún àwa méjèèjì sínú abọ́ kan. A jẹ ẹ́ títí ó fi ku ẹran méjì, ọ̀kan tóbi, ìkejì kéré. Ọjọ́ mi pé! Mo nawọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ Háwà yá ju tèmi lọ, ó ti mú èyí tó tóbi. Ó sì gbé e síwájú mi. "Jẹ ẹ́," ó fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi. "Fátù ló máa ń kọ́kọ́ jẹ."

Mo bi í pé ta ni Fátù. Àbúrò rẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti ń sá fún ìbọn, ọwọ́ Fátù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín èrò, kò sì tíì rí i.

Mo gbé abọ́, mo lọ fọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni ò rán mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Kò yé e. Ìyá mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Háwà wò mí títí, omi lé sójú rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó sì gbìyànjú ohùn ẹ̀gbọ́n wò: "Múínà, bá mi bu omi wá." Mo sá lọ, mo sá bọ̀, ìdajì omi náà ti dà sí mi lára. Ìyá àgbà ní, "Kí ló dé, ṣé òrùlé ti ṣí kúrò lórí wa ni?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lónìí, kò sẹ́ni tí kì í pè mí ní ẹ̀gbọ́n l'Ọ́jà'ba. Mo ní ẹni tí mo ń rán níṣẹ́, èmi ni mo sì ń kọ́kọ́ mú ẹran. Ọmọdé tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí ì bá ní mo ti gbayé. Kò mọ̀ pé tí èèyàn bá di ẹ̀gbọ́n gbogbo ayé tán, ìyá rẹ̀ á ti lọ, ìyá àgbà rẹ̀ á ti lọ, ẹni tó lè pè é lọ́mọdé á ti ń wọ́n. Títí dòní, wọn ò rí Fátù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn fóònù mi á dún láti Làìbéríà, ohùn kan tó ti ń gbó á ní, "Múínà, àbúrò mi, bá mi wá aṣọ dáadáa kan nínú ọjà yín." Kó tó sọ èyí tó fẹ́ tán, mo ti ń wá bàtà mi.